Fáìlì .pfx, .cer àti .p7b: báwo ni mo ṣe máa gbé kọ́kọ́rọ́ ímeèlì wa lọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì amòfin kan ní Ìbàdàn. A ní oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí kì í gba létà lọ́wọ́ wa àfi tí a bá fi S/MIME (ìlànà tí a fi ń ti ímeèlì pa, tí a sì fi ń fọwọ́ sí i) tì í pa. Orí Windows àti Outlook ni a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tuntun fún mi, Ubuntu ló wà lórí rẹ̀, Thunderbird ni mo sì ń lò fún ímeèlì. Mo kó fáìlì mẹ́ta wá nínú fláàṣì: ọ̀kan parí sí .cer, ọ̀kan parí sí .pfx, ìkẹta tí oníbàárà fi ránṣẹ́ parí sí .p7b. Nígbà tí mo fún Thunderbird ní .cer, ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo fi OpenSSL (ohun èlò tí a ń tẹ àṣẹ fún nínú Terminal) ṣí .pfx, ó da ọ̀rọ̀ jọ síwájú mi. Mo rí "unsupported" àti "RC2-40-CBC" nínú rẹ̀. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n gbé e lọ sórí ìkànnì kan tó máa ń yí fáìlì padà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá wa sì tún fẹ́ kó wà lórí iPhone wọn.

Ìdáhùn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìkànnì yẹn, torí òun ló já mi láyà jù nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé .pfx yẹn lọ sórí ìkànnì kankan. Inú fáìlì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ yín wà. Ẹni tó ni ìkànnì náà á gba fáìlì, á sì ní kí ẹ tẹ páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ kí òun tó lè ṣí i. Ẹ ti kó ilé lé e lọ́wọ́ nìyẹn. Gbogbo létà tí oníbàárà yín bá tì pa fún yín, tó bá fi lè bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, yóò kà á. Àwọn tó ti wọlé láti ọdún tó kọjá náà kò yọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ àti dúkìá oníbàárà ló wà níbẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹ bá ti gbé e lọ kí ẹ tó ka èyí, ẹ sọ fún ọ̀gá yín lónìí, kí wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí fagi lé e, kí ẹ sì gba òmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tuntun. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín tó fún gbogbo iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí.

Ní ti fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání: a kì í yí kọ́kọ́rọ́ padà. Inú ohun tí a kó o sí nìkan là ń pààrọ̀. Bí a bá da epo láti inú garawa sínú kẹ́ẹ̀gì, epo yẹn náà ni. Nítorí náà, kí ẹ tó bi ara yín pé irú fáìlì wo ni Thunderbird ń fẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé kí ló wà nínú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi pé fáìlì àwọn kọ̀, kò yípadà, garawa òfìfo ni wọ́n gbé wá.

Ẹ wò ó báyìí. S/MIME ń lo nǹkan méjì tó jẹ́ ìbejì. Ìwé ẹ̀rí yín dà bí àgádágodo tí ẹ pín fún gbogbo ayé: àdírẹ́sì ímeèlì yín wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀dà rẹ̀ lè fi ti létà pa fún yín. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni èkejì, òun nìkan ló ń ṣí létà náà, òun náà ni ẹ fi ń fọwọ́ sí létà tiyín. Fáìlì .cer yín, àgádágodo nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí Thunderbird ń sọ fún yín nìyẹn, òótọ́ ló sì sọ. Ẹ̀yin ni ẹ ni ìwé ẹ̀rí náà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò bá a wá. Kò sí àṣẹ kankan nínú OpenSSL, kò sí ìkànnì kankan láyé, tó lè fa kọ́kọ́rọ́ yọ láti inú .cer. Fáìlì .p7b náà rí bẹ́ẹ̀: ìwé ẹ̀rí ló ń gbé, ó lè gbé méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ṣùgbọ́n kì í gbé kọ́kọ́rọ́. Èyí tó gbé méjèèjì pọ̀ nínú àwọn mẹ́ta yẹn ni .pfx. Ọmọ ìyá kan náà sì ni .pfx àti .p12. Bí ohun èlò kan bá ní .p12 ni òun ń fẹ́, ẹ kàn yí orúkọ fáìlì padà, kò sí iṣẹ́ míì níbẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ gbé kọ̀ǹpútà wọn wá bá mi. Ẹni tó bá wọn tún un ṣe ti nu gbogbo inú rẹ̀, ó sì fi Windows tuntun sí i. Fláàṣì tí bàbá mú wá, .cer kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Létà ọdún mẹ́rin wà nínú àpótí ímeèlì wọn. Wọ́n ń rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ń rí ọjọ́ tó dé, wọn ò lè ka ẹyọ kan. Ilé iṣẹ́ tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí kò lè ṣe nǹkan kan sí i, torí orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ni wọ́n ti ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́, kò kúrò níbẹ̀ rí. Mo jókòó tì wọ́n, mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yín yìí, ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ni mo kọ́kọ́ ń wádìí.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ohun tó wà nínú fáìlì. Ẹ fi ohun èlò ìkọ̀wé lásán ṣí .cer yẹn. Bí ẹ bá rí ìlà tó ní

-----BEGIN CERTIFICATE-----

tí lẹ́tà oríṣiríṣi sì tò sábẹ́ rẹ̀, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lórí ìlà kan, PEM nìyẹn. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí lábẹ́ àkọlé yẹn sábà máa ń jẹ́ MII. Bí ó bá jẹ́ pé àmì jágbajàgba ló bò ojú ìwé, DER nìyẹn. Ohun kan náà ni méjèèjì. DER ni ojúlówó báìtì. PEM ni báìtì yẹn tí a fi lẹ́tà àti nọ́ńbà tún kọ, báìtì mẹ́ta di lẹ́tà mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí PEM fi ń tóbi tó ìdá kan nínú mẹ́ta ju DER lọ. MII tí ẹ rí yẹn, báìtì 30 82 tó máa ń bẹ̀rẹ̀ DER ló di bẹ́ẹ̀. Orúkọ PEM pàápàá, inú ọ̀rọ̀ ímeèlì ló ti wá: ètò kan tí wọ́n ń pè ní Privacy-Enhanced Mail ló bí i, ìwé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1993. Ètò náà kò gbilẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń di fáìlì rẹ̀ wà títí dòní, àwọn ìkànnì ló sì ń lò ó jù báyìí. Ìparí orúkọ .cer kò ní sọ fún yín bóyá PEM ni tàbí DER, torí méjèèjì ló ń jẹ́ ẹ.

Ó kan .pfx. Ìròyìn ayọ̀ ni pé Thunderbird kò ní kí ẹ yí i padà rárá. Ẹ lọ sí Settings, Privacy & Security, ẹ wá Manage Certificates, ẹ tẹ Your Certificates, kí ẹ tẹ Import, kí ẹ mú .pfx náà gan-an. Ó máa bèèrè páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ fún un lọ́jọ́ tí ẹ kó o jáde láti Windows. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Account Settings, End-To-End Encryption, kí ẹ yan ìwé ẹ̀rí náà lábẹ́ S/MIME, lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún ìfọwọ́sí, ọ̀kan fún títì létà pa. Púpọ̀ ń gbàgbé ìgbésẹ̀ kejì yìí, wọ́n á máa rò pé fáìlì ló bàjẹ́.

Kí ló wá dé tí OpenSSL fi kọ̀ ọ́? Fáìlì yín kò bàjẹ́. Nígbà tí Windows ń di .pfx àtijọ́, ó máa ń lo RC2 oníbíìtì 40 (ọ̀nà àtijọ́ kan tí a fi ń bo fáìlì) láti fi bo ìwé ẹ̀rí inú rẹ̀, á sì lo 3DES, ọ̀nà míì tó lágbára jù ú lọ, fún kọ́kọ́rọ́. Bíìtì 40 yẹn jẹ́ àjẹkù òfin Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990, tí kò gbà kí wọ́n ta ohun tó lágbára tí a fi ń bo àṣírí sílẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí OpenSSL 3.0 jáde ní oṣù kẹsàn-án 2021, wọ́n kó RC2 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ dárúkọ rẹ̀ kó tó jáde. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí ẹ kò fi kún àṣẹ yín:

openssl pkcs12 -legacy -in iwe.pfx -info -noout

Bí èyí bá lọ láìsí ìjà, páásíwọ̀ọ̀dù yín tọ̀nà, fáìlì sì pé. (Bí ẹ bá ń tẹ páásíwọ̀ọ̀dù, kò ní hàn lójú Terminal, kódà ìràwọ̀ kò ní yọ. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà, ó ń gbọ́.) Ẹni tó bá wà lórí Mac yóò rí i pé openssl tó bá ẹ̀rọ náà wá kò mọ -legacy, LibreSSL, ẹ̀yà OpenSSL kan, nìyẹn, kò sì nílò ọ̀rọ̀ yẹn láti ka fáìlì àtijọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ti fóònù ọ̀gá. iPhone ń gba .p12 náà. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú .pfx tí ẹ ní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí orúkọ rẹ̀ sí .p12. Bí ẹ bá fẹ́ di tuntun, bóyá torí pé ẹ fẹ́ páásíwọ̀ọ̀dù míì fún fóònù, ohun tí èmi náà máa ń gbà wọ́n níyànjú, ìgbésẹ̀ méjì ni:

openssl pkcs12 -legacy -in iwe.pfx -out gbogbo.pem

openssl pkcs12 -export -legacy -in gbogbo.pem -name "Ofiisi" -out foonu.p12

Àkọ́kọ́ yóò bèèrè páásíwọ̀ọ̀dù .pfx, lẹ́yìn náà yóò ní kí ẹ fún òun ní ọ̀kan tí yóò fi bo kọ́kọ́rọ́ inú gbogbo.pem. Ẹ fún un. Àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà kan á ní kí ẹ fi -nodes tàbí -noenc sí i kó má bàa da yín láàmú pẹ̀lú páásíwọ̀ọ̀dù kejì. Mo lòdì sí i pátápátá fún kọ́kọ́rọ́ ímeèlì. Ìhòòhò ni kọ́kọ́rọ́ náà máa wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹni tó bá yá a lò ní ìṣẹ́jú márùn-ún á kó o lọ. Bí ẹ bá ṣí gbogbo.pem wò, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Bag Attributes, lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí yín, bóyá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, àti ìlà yìí:

-----BEGIN ENCRYPTED PRIVATE KEY-----

Ọ̀rọ̀ ENCRYPTED yẹn ni kí ẹ fojú wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ pa fáìlì yẹn rẹ́, kí ẹ tún un ṣe.

Mo fi -legacy sínú ìgbésẹ̀ kejì náà, ìdí wà fún un. Láìsí i, OpenSSL 3 á fi AES-256 di fáìlì tuntun, èyí sì lágbára jù. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́ díẹ̀, Windows àti Mac pàápàá, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, wọn kì í sì í sọ bẹ́ẹ̀. "Páásíwọ̀ọ̀dù kò tọ̀nà" ni wọ́n máa ń sọ. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọ̀sán tẹ páásíwọ̀ọ̀dù tó tọ̀nà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ̀rọ kan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, tí ó sì dá yín lójú pé ohun tí ẹ tẹ̀ tọ̀nà, ẹ fura sí bí wọ́n ṣe di fáìlì kí ẹ tó fura sí ara yín. Ní ti pé RC2 kò lágbára, ìwé ẹ̀rí nìkan ló ń bò níbí, ìwé ẹ̀rí kì í sì í ṣe àṣírí. Lábẹ́ 3DES ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ kàn fún un ní páásíwọ̀ọ̀dù gígùn, kí ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo láéláé, kí ẹ sì fi wáyà gbé e sórí fóònù. Bí ẹ bá fi ímeèlì rán an, ẹ má kọ páásíwọ̀ọ̀dù sínú létà kan náà. Ẹ pe ọ̀gá yín, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá ti tẹ fáìlì náà, iPhone á ní Profile ti dé, Settings ni wọ́n á ti fi sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á lọ tan S/MIME lábẹ́ Advanced nínú ètò àkáǹtì Mail wọn.

Ẹni tí wọ́n bá fún ní kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀, ìwé ẹ̀rí lọ́tọ̀, àṣẹ tó so wọ́n pọ̀ rèé:

openssl pkcs12 -export -inkey kokoro.pem -in iwe.pem -certfile oke.pem -out iwe.p12

Ohun tó wà nínú oke.pem ni ìwé ẹ̀rí àwọn tó fọwọ́ sí tiyín. Ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀, torí létà tí ẹ bá fọwọ́ sí láìsí i lè dé Lọ́ńdọ̀nù kí Outlook wọn sọ pé òun kò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ kan bá ìwé ẹ̀rí kan mu, ẹ ṣe èyí:

openssl x509 -in iwe.pem -noout -pubkey | openssl sha256

openssl pkey -in kokoro.pem -pubout | openssl sha256

Bí nọ́ńbà gígùn tó jáde bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìbejì ni wọ́n. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ti oníbàárà, .p7b, rọrùn. Àgádágodo tiwọn ló wà níbẹ̀, ìyẹn tí ẹ ó fi ti létà pa fún wọn:

openssl pkcs7 -inform DER -in onibara.p7b -print_certs -out onibara.pem

Bí ó bá bínú, PEM ni fáìlì náà, ẹ fi PEM rọ́pò DER nínú àṣẹ náà. Nínú onibara.pem, ẹ máa rí ìwé ẹ̀rí bíi mélòó kan, ìlà subject sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé èyí tó jẹ́ ti oníbàárà fúnra rẹ̀, láti BEGIN títí dé END, ẹ fi í sínú fáìlì tirẹ̀. Kí ẹ tó lò ó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

openssl x509 -in onibara1.pem -noout -email -dates

Ó máa sọ àdírẹ́sì ímeèlì tó wà lára rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Àdírẹ́sì yẹn gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ ń kọ̀wé sí mu. Abala People ni ẹ ó ti gbé e wọlé sí Thunderbird. Ká sọ tòótọ́, bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní ṣe wàhálà yìí. Màá ní kí oníbàárà fi létà kan tí wọ́n fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí mi, Thunderbird á sì yọ ìwé ẹ̀rí wọn jáde fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní òun kò mọ ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí tiwọn, ẹ gbé ìwé ẹ̀rí ilé iṣẹ́ náà wọlé lábẹ́ Authorities, kí ẹ fàmì sí i pé ẹ gbà á gbọ́ fún ímeèlì. Ẹ fi fóònù bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà kí ẹ tó ṣe ìyẹn.

Ẹlòmíràn lè ní fáìlì .asc tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BEGIN PGP. Ìdílé míì ni ìyẹn. Kì í yípadà di .p12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Thunderbird ń lo méjèèjì. Ẹni tí S/MIME bá jẹ dandan fún gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀.

Ó ku kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ìwé ẹ̀rí ímeèlì ń parí, ẹ sì ti gba tuntun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà tí ẹ ti ń bá oníbàárà yìí ṣiṣẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Létà tí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ tì pa, kọ́kọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè ṣí i. Pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò dí i lọ́wọ́ láti ka létà àtijọ́. Nítorí náà ẹ padà sórí Windows yẹn, ẹ ṣí certmgr.msc, ẹ wo Personal, Certificates, kí ẹ kó gbogbo èyí tó ní àdírẹ́sì yín jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú "Yes, export the private key". Ẹ má fàmì sí ibi tó ní kó pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ lẹ́yìn tó bá kó o jáde. Bí "Yes" yẹn bá ṣú, tí kò ṣé tẹ̀, ẹni tó gbé e wọlé nígbà yẹn kò fún un láyè láti jáde mọ́. Ẹ wá .pfx tí ó lò lọ́jọ́ yẹn, nínú ímeèlì, nínú fláàṣì, lọ́wọ́ ẹni tó wà ní ipò yín tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbé gbogbo wọn sínú Thunderbird. Ẹ wá létà tó pẹ́ jù lọ tí oníbàárà náà tì pa fún yín, kí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ ṣí èyí tó wà láàárín, ẹ ṣí ti oṣù tó kọjá. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n dáhùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣí, ẹ pa gbogbo.pem rẹ́, ẹ fi ẹ̀dà .pfx kọ̀ọ̀kan sínú fláàṣì méjì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ kọ páásíwọ̀ọ̀dù wọn síbi tí ọ̀gá yín náà ti lè rí i. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nu Windows yẹn.